Ọjọ́ Tí Wọ́n Pín Ilé Eyín

Ariwo irin ló jí i. Kì í ṣe ariwo olè, kì í sì í ṣe ti ológbò tó da abọ́ nù. Sípánà ni, ó ń bá nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà jà nísàlẹ̀ ilé. Obìnrin náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀, ó ń gbọ́ bí irin ṣe ń han tó sì ń dákẹ́. Kó tó gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ ló ti mọ ohun tí wọ́n ń tú. Àga aláìsàn ni, àga ńlá tí wọ́n máa ń tì sẹ́yìn kí wọ́n tó ní kí èèyàn la ẹnu.

Òkè ni wọ́n ń gbé, ìsàlẹ̀ ni ilé iṣẹ́ wà. Ilé Eyín ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Oníṣègùn eyín méjì ló jọ ni ín: ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Dókítà Àgbà, àti ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Dókítà Kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irùngbọ̀n Kékeré ọ̀hún funfun ju ti Àgbà lọ. Òun fúnra rẹ̀, Màmá Ẹnu-Ọ̀nà ni wọ́n ń pè é, torí ẹnikẹ́ni tí eyín bá ń ro, ojú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí kó tó rí ti dókítà kankan. Òun ló ń gba orúkọ, òun ló ń gbowó, òun ló ń rẹ ọmọdé lẹ́kún, òun náà ló ń tẹ ẹni tó bá gbàgbé ọjọ́ rẹ̀ láago. Lónìí, àwọn méjèèjì fẹ́ pín Ilé Eyín, kí oníkálùkù máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọkọ rẹ̀ ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wọ ìbọ̀sẹ̀.

"Ṣé wọn ò lè jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa ni?" obìnrin náà béèrè.

"Àga bọ́ sí ìpín tiẹ̀. Ohun tó bá wu èèyàn ló lè fi ìpín ẹ̀ ṣe."

"Ẹ ò tíì jókòó pín nǹkan, àga ti bọ́ sí ìpín ẹnì kan?"

"A ti sọ ìyẹn lórí fóònù." Ó fa ìbọ̀sẹ̀ náà sókè, gìgísẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí òkè ẹsẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ìyá wọn, Olùṣirò ń bọ̀. Jọ̀ọ́, wá nǹkan tá a máa jẹ. Kí ti ọkùnrin yẹn má kéré o. Mi ò fẹ́ kó jáde níbí kó lọ máa sọ pé ebi la fi lé òun."

Obìnrin náà dìde, ó ró aṣọ. Ọkùnrin yẹn. "Ọ̀rẹ́ mi" ni ọkọ rẹ̀ máa ń pè é tẹ́lẹ̀, bí inú rẹ̀ bá sì dùn, "ìdajì mi". Bí ẹnu bá ti yí orúkọ èèyàn padà, ọkàn ti kẹ́rù jáde tipẹ́.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, àwọn alágbàárù ti fa àga náà tu, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ bíi màlúù tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀. Lórí pákó tó wà lára ògiri, ère ẹnu àwọn aláìsàn tí wọ́n fi ẹfun mọ láti fi wọn eyín tò lọ rẹrẹẹrẹ, gbogbo wọn yọ eyín síta bí ẹni pé àwọn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà pa lẹ́rìn-ín. Dókítà Kékeré dúró láàárín ilé, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ìyàwó wa, ẹ káàárọ̀," ó wí.

Obìnrin náà tẹ orúnkún díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé dáadáa lẹ jí? Àwọn ará ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́." Kò wo ojú rẹ̀. Àwọn ihò tí àga fi sílẹ̀ nílẹ̀ ló tẹjú mọ́. "Ẹ má bínú pé ariwo la fi jí yín. Onímọ́tò tí mo háyà ló ní ká di ẹrù kí oòrùn tó mú."

"Kò burú sà."

Ó gba àárín àga tí wọ́n tú àti ẹ̀rọ tí wọ́n dì lókùn kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó wa. Ọjọ́ tí wọ́n ti mọra ni ọkùnrin náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀, bí ọ̀rẹ́ ọkọ ṣe máa ń pe ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì fi ìgbà kan rò ó sí nǹkan kan. Láàárọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á létí. Bí wọ́n bá pín gbogbo ohun tó jẹ́ tiwa tán, ọwọ́ ta ni ìyàwó wa yóò bọ́ sí?

Ẹ̀wà ló gbé kaná, torí pé ẹ̀wà máa ń wú, ó sì máa ń bo àṣírí. Kò tíì hó tí aránṣọ tó ń gbé ẹ̀yìn ọgbà fi yọrí lókè ògiri, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Màmá Ẹnu-Ọ̀nà, ẹ kú ojúmọ́ o. Mo rí ọkọ̀ ńlá níwájú ilé. Ṣé ẹ ń kó lọ ni?"

"A ò kó lọ. Àwọn dókítà ń pín iṣẹ́ ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀." Ó ń fi téèpù lọ́ ìka. "Ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe tèmi. Wọ́n ní ẹ̀yin ìyàwó lẹ tú wọn ká. Wọ́n ní ìyàwó tọ̀hún ló ní kí ọkọ òun wá dá dúró lójú títì ńlá, pé ẹ̀yin náà lẹ sì ní kí tiyín fàáké kọ́rí."

"Kí ni wọ́n tún wí?"

Aránṣọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sáà ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Pé a kì í gbé létí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú."

Obìnrin náà ṣí ìkòkò, ó ro ẹ̀wà náà, ó tún dé e. Ooru bò ó lójú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

"Ẹ bá mi kí wọn," ó wí.

Aránṣọ náà dúró díẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn yóò tẹ̀lé e. Nígbà tí kò sí, ó rọra sọ orí rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

Àkọ́bí Màmá Ẹnu-Ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń gé àlùbọ́sà. Akọ̀wé ni ọmọ náà ní ọ́fíìsì kan, ó ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́ rẹ̀ kó lè wá dúró ti ìyá rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí aránṣọ lọ tán, ó gbójú sókè.

"Mọ́mì, nínú owó tí wọ́n fẹ́ san fún àwọn òṣìṣẹ́, èló ni wọ́n kọ fún yín?"

"Wọ́n kọ fún èmi kẹ̀?"

"Nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ tiẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀, wọ́n kọ tiẹ̀, ó sọ fún mi lẹ́nu géètì. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ọmọ yìí, ilé ara mi ni mo ṣiṣẹ́ sí."

"Níbo ni ilé ara yín ọ̀hún wà báyìí, Mọ́mì? Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń kó o sí yẹn."

"Gé àlùbọ́sà."

Ọmọ náà gé e bí ẹni pé àlùbọ́sà ló ṣẹ̀ ẹ́.

Olùṣirò dé nígbà tí oòrùn ti wọ pálọ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, òun ló máa ń bá wọn ṣe ìṣirò iṣẹ́, àwọn méjèèjì ló sì gbà pé kó wá là wọ́n. Ọwọ́ kan ló fi gbé àpò rẹ̀, ó fi èkejì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Bó ṣe jókòó báyìí, àwọn dókítà méjèèjì tẹjú mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà bí ajá tó gbóòórùn egungun.

"Èwo nínú ẹ̀ ló ń dùn yín?" Dókítà Àgbà béèrè.

"Kò sí èyí tó ń dùn mí sà."

"Ó ti wú," Dókítà Kékeré wí. "Ọ̀kan nínú àwọn ti ẹ̀yìn ni."

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ tó gbé wa wá. Bí mo bá la ẹnu fún ẹnì kan nínú yín lónìí, ẹnì kejì á ní mo ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Olùṣirò ń dárúkọ nǹkan, wọ́n ń dáhùn. Àga, ti Kékeré. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya fọ́tò eyín, ti Kékeré. Jẹnẹrétọ̀, ti Àgbà. Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ti Àgbà. Ó ń lọ wẹ́rẹ́ títí ó fi kan ìkòkò tí wọ́n fi ń se irin iṣẹ́ kí kòkòrò àrùn lè kú. Ìkòkò kan ṣoṣo ni, kò sì sí èyí nínú àwọn méjèèjì tó lè ṣiṣẹ́ láìní irú rẹ̀.

"Èmi ni mo lọ rà á," Dókítà Kékeré wí.

"Owó àjọni la fi rà á."

"Mi ò jiyàn owó. Mo ní èmi ni mo lọ. Mo sùn sójú ọ̀nà nítorí ẹ̀."

"Mọ́tò tèmi lo gbé lọ. Ta ló ra epo sí i?"

"Ṣé epo tún ti di gbèsè?"

"Bí oorun bá di gbèsè, kí ló ní kí epo má di gbèsè?"

Wọn kò pariwo. Ohun tó mú kó burú nìyẹn. Ohùn ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sú ni wọ́n fi ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń ka orin ìsìnkú jáde láì kọ ọ́. Olùṣirò ní bóyá kí wọ́n ta ìkòkò náà kí wọ́n pín owó rẹ̀. Àwọn méjèèjì wò ó bí ẹni pé ó ní kí wọ́n ta ọmọ. Wọ́n sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tó dárúkọ bẹ́ǹṣì tí àwọn aláìsàn máa ń jókòó lé, èyí ní kí tọ̀hún máa gbé e, tọ̀hún ní kí èyí mú un.

Lẹ́yìn èyí, ó kan owó àwọn òṣìṣẹ́. Obìnrin náà gbé omi wọlé lásìkò náà. Ó gbé ife síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, ó fi tíréè bo àyà, bí ẹni tó fẹ́ gba ife padà. Olùṣirò kà á. Nọ́ọ̀sì, owó oṣù rẹ̀ àti àfikún ìdágbére. Ẹni tó ń gbálẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ọdẹ tó ń ṣọ́lé, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Alágbẹ̀dẹ eyín, ìyẹn ẹni tó ń bá wọn ṣe eyín àtọwọ́dá, owó iṣẹ́ tó ti ṣe sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Olùṣirò ká bébà náà, ó sì mu omi, ó fi apá ẹnu kan mu ún.

Obìnrin náà ṣì dúró. Kò mọ ohun tó dúró dè. Ó kàn rí i pé ẹsẹ̀ òun kò fẹ́ lọ.

"Dádì," ọmọ rẹ̀ wí láti ẹnu ìlẹ̀kùn ilé ìdáná, "Mọ́mì ńkọ́?"

"Mọ́mì rẹ ṣe kí ni?"

"Orúkọ wọn ò sí nínú èyí tí wọ́n kà."

"Ọ̀rọ̀ àgbà lò ń dá sí yẹn," bàbá rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n ohùn náà kò le.

Olùṣirò tú bébà rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní òun kò rí orúkọ wọn láàárín àwọn tó ń gbowó oṣù, láti ìgbà tóun ti ń bá wọn ṣe é, òun kò rí i rí.

Dókítà Kékeré wúkọ́. "Ìyàwó kì í gba owó oṣù lọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀. Inú ìpín Àgbà ni tiwọn wà."

"Inú ìpín mi kẹ̀?" Dókítà Àgbà wí. "Àwọn aláìsàn tìẹ, ta ló ń dá wọn lóhùn? Àwa méjèèjì ló ṣiṣẹ́ fún. Bó bá di pé ká san nǹkan, ìdajì ni tìẹ."

"Ìgbà wo la sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìgbà wo la sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀?"

Bí wọ́n ṣe ń tì í síra wọn nìyẹn, bíi bẹ́ǹṣì. Obìnrin náà gbọ́ ọ títí. Ó kó ife wọn sínú tíréè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Dókítà Kékeré kò tíì tán, ó fi sílẹ̀ fún un.

"Oúnjẹ ti jinná," ó wí.

Wọ́n jẹun. Dókítà Kékeré kì í jẹ àlùbọ́sà. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni yóò ṣà á sétí àwo, Dókítà Àgbà yóò sì fi ṣíbí kó o láì dáwọ́ ọ̀rọ̀ dúró. Lónìí, ó ṣà á, ó tò ó sétí àwo, ó wà níbẹ̀ títí ó fi gbẹ. Olùṣirò fi ẹyọ ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan sẹ́nu, ó ń rọ́ ọ mì. Ṣíbí nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Ohun tó kù ni fóònù ilé iṣẹ́. Àpò ṣòkòtò nọ́ọ̀sì kọ́ ló wà, kò sí nínú dúróò, inú àpò aṣọ ìdáná obìnrin náà ló wà, níbi tó máa ń wà. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ ẹ, torí nọ́ńbà yẹn ni gbogbo aláìsàn mọ̀. Ẹni tó bá mú un lọ, àwọn aláìsàn ló mú lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti ń gbóná nígbà tí fóònù fúnra rẹ̀ dún. Gbogbo wọn yíjú sí àpò náà.

"Ilé Eyín, ẹ káàsán," obìnrin náà wí, bó ṣe máa ń wí. Ó tẹ́tí. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ti jáde. Ṣé ẹ ti ń bọ̀ lọ́nà?" Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo Dókítà Kékeré. Kò sẹ́ni tó mi orí, kò sẹ́ni tó gbọn ọn. "Ẹ máa bọ̀, Màmá."

Ó fi fóònù padà sínú àpò. "Tíṣà Àgbà ni. Wọ́n fẹ́ wá gba eyín wọn."

Tíṣà Àgbà yìí, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n ti yọ gbogbo eyín òkè rẹ̀, ó ti san owó eyín tuntun pé, odindi, kí alágbẹ̀dẹ eyín tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti jáde síta láìfi ìborùn bo ẹnu.

"Dókítà Àgbà ló wọn ẹnu ẹ̀," Dókítà Kékeré wí. "Iṣẹ́ Àgbà ni."

"Owó tí ìyá yẹn san, ara ẹ̀ la fi parí owó ẹ̀rọ fọ́tò tó wà nínú ọkọ̀ ẹ yẹn. Ẹni tó mú ẹran ni kó mú egungun."

"Kò sí lórí bébà mi," Olùṣirò wí, ó fọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Wọ́n ní ọmọ tó bá dára, ti bàbá ni; èyí tó bá ṣe ségesège, ti ìyá ni. Èyí tí kò ní bàbá tí kò ní ìyá, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí. Ẹnu ọ̀nà náà sì ni obìnrin náà ti lọ pàdé Tíṣà Àgbà. Arúgbó náà dúró, ó ń wo ilé tó ti ṣófo, okùn àti ẹ̀rúnrún ẹfun nílẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé òní kọ́ ni?" ó béèrè. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde. "Níbo ni wọn ó ti ṣe é fún mi?"

"Òní ni, Màmá. Ẹ jẹ́ ká lọ sókè."

Ó dì í mú lápá, wọ́n ń gun àkàsọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sinmi. Ó mú un wọ pálọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin náà. Dókítà Àgbà dìde láti kí ìyá, obìnrin náà sì fi arúgbó náà jókòó sórí àga tó dìde kúrò. Ó lọ gbé ife tí eyín náà wà nínú omi, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, lórí bébà Olùṣirò gan-an.

"Eyín Màmá rèé," ó wí. "Ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Èwo nínú yín ló mú apá ọ̀tún?"

Arúgbó náà ń wo ojú gbogbo wọn lórí ìborùn rẹ̀. Dókítà Kékeré ló kọ́kọ́ ká apá ṣẹ́ẹ̀tì. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ọkọ̀, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń tú okùn tí wọ́n ti dì, ó sì gbé àpótí irin iṣẹ́ padà wá. Dókítà Àgbà ti fọwọ́. Ó fa àga náà sún mọ́ fèrèsé, ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Kò sí iná iṣẹ́, Dókítà Kékeré tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu. Eyín náà ga ní apá kan, ó ń gún ìyá. Dókítà Àgbà na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, tọ̀hún fi bébà búlúù tí wọ́n máa ń ní kí èèyàn géjẹ lé e lọ́wọ́. Ó tún na ọwọ́, tọ̀hún fi ayùn kékeré lé e. Kò sẹ́ni tó dárúkọ irin kankan. Wọ́n ha eyín náà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi í sẹ́nu, wọ́n yọ ọ́, orí àwọn méjèèjì sì súnra débi pé irùngbọ̀n èyí ń kan etí tọ̀hún. Obìnrin náà mú ọwọ́ ìyá dání. Olùṣirò gbàgbé ara rẹ̀, ó la ẹnu.

"Ẹ bá mi sọ̀rọ̀, Màmá," Dókítà Kékeré wí.

"Eṣinṣin," Tíṣà Àgbà wí. Ó dúró, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. "Ẹsẹ̀ eṣinṣin. Ṣíbí. Ìṣòro." Ó ka ọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró níwájú kíláàsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jáde ní odindi. Lẹ́yìn náà ni omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó tú ìborùn náà, ó ká a, ó fi í sínú báàgì. Ó di ọwọ́ dókítà kan mú, ó di ti èkejì mú, ó sì pa àwọn ọwọ́ náà pọ̀ lórí itan rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, bẹ́ ẹ ṣe pawọ́ pọ̀ ṣe mí lóore yìí, ohun tó máa yà yín, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó wọlé."

Ó dúró kí wọ́n ṣe àmín. Olùkọ́ ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ìdáhùn.

"Àmín," Dókítà Àgbà wí.

"Àmín," Dókítà Kékeré wí.

Obìnrin náà sin ìyá dé géètì. Nígbà tó padà, wọ́n ti ń buwọ́ lùwé. Ìkòkò, Kékeré mú un, yóò san ìdajì owó rẹ̀. Fóònù, Àgbà mú un. Olùṣirò gbé bírò sókè díẹ̀, ó ní ti ìyàwó ńkọ́? Dókítà Àgbà wo Dókítà Kékeré. Dókítà Kékeré ní kí wọ́n buwọ́ lu èyí tó wà nílẹ̀ ná, ìyẹn kò ní sá lọ. Wọ́n buwọ́ lù ú. Olùṣirò kó bébà rẹ̀, ó wá béèrè pé tóun bá fẹ́ wá yọ eyín báyìí, ibo lòun ó wá. Àwọn dókítà wo ara wọn. Kò sí àga lọ́dọ̀ èyí, kò sí iná lọ́dọ̀ tọ̀hún. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó dágbére.

Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni Dókítà Kékeré ti yíjú padà. Obìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbá ẹ̀rúnrún ẹfun.

"Ìyàwó wa, mò ń lọ o. Ẹ kú wàhálà wa."

"Ẹ kú ìrìn sà." Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. "Lọ́dọ̀ yín tuntun yẹn, ta ló máa jókòó lẹ́nu ọ̀nà?"

"Ìyàwó mi ni. Ó ti ní òun á fi iṣẹ́ tóun ń ṣe sílẹ̀."

"Èló lẹ máa san fún wọn?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tí ojú obìnrin náà kò yí padà, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ọkọ̀ sì gbéra.

Nírọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ pè é sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ó ti gbé mọ́tò síta, ó ti gbá ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀, òwú aláǹtakùn wà lórí irun rẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ káàkiri.

"Agbára èmi nìkan ò ká owó ilé ìsàlẹ̀, ibí la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ibí ni àga máa wà, tí mo bá rí àga," ó wí. "Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ níbí. Bẹ́ǹṣì rèé, mo ti gbé e wá. Níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, tábìlì rẹ nìyẹn. Mo fi í síbẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ọ."

Obìnrin náà wo ìlà náà. Ọkọ rẹ̀ ti fà á gún régé.

"Ta ló máa jókòó síbẹ̀?"

"Ìwọ ni. Kí ló dé?"

"Ó ti rẹ̀ mí, bàbá wọn. Ẹ gba ẹnì kan síṣẹ́."

"Níbo ni mo ti máa rówó san fún ẹnì kan?"

"Nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ tún fẹ́ gbà síbí ńkọ́? Ẹ ò ní san tiẹ̀?"

"Àfi kí n san tiẹ̀. Bí mi ò bá san án, ó máa lọ ni."

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tán kó tó gbọ́ ọ. Ó dúró pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Mọ́tò kan kọjá níta, aránṣọ ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ó dáwọ́ dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ rọra jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mú.

"Èló ni wọ́n ń san," ó béèrè, "fún irú iṣẹ́ yẹn?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tó sọnù sí àdúgbò tí wọ́n bí i sí, tó wá ń béèrè ọ̀nà. Obìnrin náà la ẹnu láti dá a lóhùn. Ó mọ iye tí wọ́n ń gbà láti yọ eyín, ó mọ iye tí wọ́n ń gbà láti dí i, ó mọ owó nọ́ọ̀sì àti ti ọdẹ. Ó wá èyí nínú orí rẹ̀, ó wá a títí.

"Mi ò mọ̀," ó wí.

Ó jókòó sí ìpẹ̀kun kejì bẹ́ǹṣì náà. Ilẹ̀ ń ṣú lórí àwọn ìlà ṣọ́ọ̀kì, kò sì sí èyí tó dìde nínú wọn láti tan iná.